Uṣu

Owó ilé-ìwé tí mo san ní sáà kìíní,
kànga mẹ́ta ni mo gbẹ́ kó tó pé:
ọ̀kan ní Ìwòròkò, ọ̀kan lójú ọ̀nà Ifàkì,
ẹ̀kẹta forí sọ àpáta níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógún,
olówó bá san ìdajì. Ó ní omi lòun ní kí n wá,
òun ò ní kí n wá òkúta.

Ìyàwó mi ń gbálẹ̀ ní yunifásítì.
Òun ló gbọ́ pé ilé-ìwé kékeré kan wà nínú ọgbà wọn,
níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà
ti ń wá wo bí ọmọdé ṣe ń ronú.
Ó ní kò sí pàṣán níbẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n wá ń fi kọ́ wọn?

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Mojọlá gbé ìwé rẹ̀ dé.
Mo ṣí i: èèrà ló yà síbẹ̀,
èèrà mọ́kànlá, wọ́n ru ìyẹ́ ikán kan ṣoṣo,
ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:
"Ta ló sọ fún wọn pé ibí ni kí wọ́n gbà?"
Kò sí bíírò pupa. Kò sí máàkì.
Tíṣà kàn kọ ìbéèrè tiẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè ọmọ.

Mo gbéra. Mo bá Ìyáàfin Fápohùndà ní kíláàsì.
"Kànga mẹ́ta," mo ní, "kànga mẹ́ta, màmá,
ẹ wá ń fi ka èèrà!"
Kò bínú. Ó fún mi lága, àga ọmọdé,
orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Ó ní: "Bàbá Mojọlá,
báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí omi wà?"

Ọgbọ̀n ọdún.
Èló ni, ni wọ́n máa ń bi mí.
Ìgbà wo ló máa parí, ni wọ́n máa ń bi mí.

Ní Ọjọ́rú, mo wọ ṣòkòtò ìsìn, mo gbé dígà,
mo kó ọmọ mẹ́tàlélógún lọ sẹ́yìn ilé.
Mo fi ọ̀gán hàn wọ́n: ikán kì í jìnnà sómi.
Mo fi igi tí ewé rẹ̀ tutù nínú ọ̀gbẹlẹ̀ hàn wọ́n.
Mo ní bàbá mi ò fẹnu kọ́ mi,
ó sọ̀ mí kalẹ̀ sínú kòtò,
ó ní: gbọ́ òórùn ilẹ̀.
Àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì dúró lẹ́yìn, wọ́n ń kọ ọ́.
Ọ̀kan tó wọ awò bi mí lórúkọ ọ̀nà ìkọ́ni yìí.
Mo ní a máa ń pè é níṣẹ́.

Ọmọkùnrin kan wá nawọ́:
"Ṣé omi wà lábẹ́ oko uṣu?"

Uṣu. Bí ìyá mi ṣe ń pè é.
Àtẹ́lẹwọ́ mi kan ta mí.
Ní kíláàsì kẹta tèmi, nílùú wa,
uṣu kan, ẹgba mẹ́fà,
n ò lè mú ọwọ́ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo yára wo ojú obìnrin náà.
Nígbà tí a padà wọlé, ó mú ṣọ́ọ̀kì,
ó kọ iṣu, ó kọ uṣu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
ìkan ò ga jùkan lọ.
Ó ní: "Ta ni wọ́n ń pe nǹkan mìíràn báyìí nílé wọn?"
Ọwọ́ pọ̀ lókè. Tèmi wà lára wọn,
n ò mọ ìgbà tí mo nà án.

Sáà kejì ti wọlé, wọ́n ti fowó lé owó.
Àpáta sì wà lábẹ́ ilẹ̀ Èkìtì bó ṣe wà.
Lánàá, mo ń wọn ilẹ̀ fún oníbàárà kan ní Àfàò,
Mojọlá tẹ̀lé mi, ó káwọ́ sẹ́yìn:
"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ibí ni?"
Mo bu erùpẹ̀. Mo nà án sí i.
Ó ti imú bọ̀ ọ́, ó dijú.
Mo dúró, mo ń retí ohun tí yóò wí.